Láti Ọwọ́ Ológò Dé Inú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Ṣeé Yá Lówó

Àwọn àgbà ló ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbèje. Òwe náà ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kí báńkì kankan tó dé ilẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tí owó ẹyọ ṣì wà nínú àpò. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì lónìí pé kí ni wọ́n ń pè ní credit score, ó ṣòro kí ó tó gbọ́ àlàyé tó kúrú tó sì péye ju òwe yẹn lọ. Máàkì ẹ̀yáwó kò ju pé kí a ka igi tí ènìyàn ti bẹ́ dí ọ̀nà ara rẹ̀ àti èyí tí ó ti gbé kúrò, kí a sì fi nọ́ńbà sọ iye rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ìbẹ̀rẹ̀ ètò àwìn fún aráàlú lábẹ́ àjọ tuntun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CREDICORP, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí òṣìṣẹ́ lè ra ohun tó nílò lónìí, kí ó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Àwọn kan gbà pé àṣà òyìnbó gbáà ni àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò ni ó jẹ́ tuntun. Ìbéèrè tí ẹ̀rọ náà ń dáhùn ti gbó.

Ìwọ̀fà àti onígbọ̀wọ́

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ńlá, bóyá láti sin òkú àgbà, láti san owó ìtanràn, tàbí láti ra ẹbí rẹ̀ padà lóko ẹrú, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí ó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ṣàlàyé ètò náà nínú ìwé tó parí ní ọdún 1897, èyí tí a kò tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ẹ̀tọ́ láàárín ìlú, ó sì lè máa gbé ilé tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó rẹ̀ láàárọ̀ ni èlé orí owó náà. Bí ó bá ti parí iye ebè tí a yàn fún un, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò ni pé iṣẹ́ yìí kì í dín ojú owó kù. Bí ìwọ̀fà sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tó yá ní ọjọ́ kìíní náà ni yóò san kí ó tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá kú, gbèsè kò bá a wọlẹ̀, ẹbí ni yóò gbé e. Àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun tí a fi owó náà ṣe ni wọ́n sì fi ìgbà èwe wọn san èlé rẹ̀. Ìjọba amúnisìn fi òfin ká ètò yìí lọ́wọ́ kò, ó sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920 àti 1930.

Ohun kan wà nínú ètò ìwọ̀fà tó yẹ kí a fi ọkàn sí. Olówó kì í gbé owó kalẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí àti onígbọ̀wọ́. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó mọ ilé tí ayáwó ti wá, tó mọ̀ bóyá baba rẹ̀ jẹ gbèsè kú, tó mọ bí oko rẹ̀ ṣe tóbi tó àti bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá ní kí wọ́n yá a, orúkọ ara rẹ̀ ló fi lélẹ̀. Òun ni ìwé àkọsílẹ̀ ayé ìgbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà ni pé bí ó bá ṣìṣe, òun náà ni yóò san án.

Ológò dé, ilé dàrú

Bí ayáwó bá kọ̀ tí kò san, olówó a ránṣẹ́ pe ológò. Johnson ṣàpèjúwe irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí: wọn kò ní ìtìjú, iṣẹ́ wọn sì ni pé kí wọ́n lọ jókòó sí agbo ilé ajigbèsè títí owó yóò fi jáde. Èyí ni à ń pè ní dídógò ti ènìyàn. Ológò a wọlé pẹ̀lú ariwo, a tẹ́ ẹní sí ibi tó wù ú, a máa bú onílé. Adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀, yóò pa á jẹ. Oúnjẹ àti ọtí rẹ̀ di ti ajigbèsè, a ó sì tún kà á mọ́ ìnira tó ń jẹ.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ hàn gbangba. Kì í ṣe ajigbèsè nìkan ni ológò ń fìyà jẹ. Gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́ èébú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń pàdánù adìẹ. Láìpẹ́, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyàwó ilé yóò dojú kọ ẹni tó kó bá wọn, wọn yóò sì dá owó jọ kí àlejò burúkú náà lè kúrò. Ìtìjú ni ohun ìjà rẹ̀, ẹbí sì ni ibi tó fojú sùn.

Ọ̀nà mìíràn tún le ju èyí lọ. Bí ajigbèsè bá jẹ́ ará ìlú mìíràn, olówó lè mú ará ìlú rẹ̀ tó bá kọjá, tàbí kí ó gba ẹrù rẹ̀, títí àwọn ènìyàn ibẹ̀ yóò fi san gbèsè náà. Ẹni tí kò yá kọ́bọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ sun àhámọ́. Ìwà yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú. Ohun tí ìtàn ológò àti ti ìmúni yìí kọ́ni ni pé níbi tí a kò bá ti ní àkọsílẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan.

Èsúsú, àjọ àti òṣómàáló

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà àtijọ́ ló fi ìyà ṣe ìpìlẹ̀. Èsúsú wà, Johnson sì mẹ́nu kàn án. Ẹgbẹ́ yóò dá iye kan náà ní ọjọ́ tí wọ́n fohùn sí, ẹnìkan yóò sì kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Ní ọdún 1952, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tẹ àròkọ kan jáde lórí èsúsú, ó sì pè é ní ètò ẹ̀yáwó àwọn Yorùbá. Ó tọ̀nà, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èsúsú ti yá owó lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó kù, láìsan èlé. Ẹni tó bá kó o gbẹ̀yìn ti yá gbogbo wọn lówó. Nítorí náà ni olórí èsúsú kì í fi ojú lásán wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o. Ẹni tí wọn kò tí ì mọ ìwà rẹ̀ a máa dúró sẹ́yìn ná. Àṣà yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi la òkun kọjá: ní Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tó yá, àwọn Ìjẹ̀ṣà mú ọ̀nà tuntun jáde. Ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1900, àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ilẹ́ṣà àti agbègbè rẹ̀ ń gbé aṣọ kiri láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ń tà á láwìn. Àgbẹ̀ lè mú aṣọ lónìí, kí ó san díẹ̀, kí ó sì san ìyókù ní ìgbà tí wọ́n dá. Bí ìgbà náà bá pé, oníṣòwò yóò padà. Bí onígbèsè bá ń ṣe àwáwí, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì sọ pé òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ òṣómàáló ti wá. J.D.Y. Peel, ẹni tó kọ ìwé lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ọdún 1983, fi hàn bí òwò yìí ṣe gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ipò ọlá.

Àwọn ènìyàn a máa fi òṣómàáló ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọpọlọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní láti mọ ẹni tí yóò já aṣọ fún, iye tí ó lè fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí kòkó rẹ̀ yóò di owó. Ẹni tó san ti èṣí láìjẹ́ kí wọ́n lóṣòó tì í, aṣọ tó dára jù ni yóò rí mú lọ́dún yìí. Ẹni tó sá gba ẹ̀yìnkùlé jáde nígbà tó rí i lókèèrè, èyí tó mú kẹ́yìn ló mú yẹn. Orí òṣómàáló ni gbogbo àkọsílẹ̀ yìí wà. Bí ó bá kú tàbí tó bá fi ọ̀nà náà sílẹ̀, orúkọ rere tí àgbẹ̀ fi ọdún púpọ̀ kó jọ bá a lọ. Àìpé ètò náà nìyẹn.

Nígbà tí báńkì kò mọ orúkọ ẹni

Báńkì ti wà ní Èkó láti àwọn ọdún 1890. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1894. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ yìí a máa ráhùn pé àwọn lè fi owó pamọ́ síbẹ̀, àwọn kò lè rí i yá. Àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ni báńkì mọ̀. Oníṣòwò dúdú tí gbogbo ọjà mọ̀ sí olóòótọ́ kò ní ìwé kankan tí báńkì lè kà, orúkọ rere tó ní kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà ọjà náà.

Àlàfo yìí ni ṣógúndogójì dí. Orúkọ tí aráàlú fún ayánilówó yìí ṣàlàyé ara rẹ̀: ó ń sọ ogún di ogójì. Kò béèrè ìwé, kò béèrè bí ènìyàn ṣe san gbèsè àná, nítorí èlé rẹ̀ ti ga tó láti bo gbogbo ewu. Olóòótọ́ àti olè ń san iye kan náà. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ bá tẹ̀ a máa fi oko kòkó dógò, olówó yóò sì máa ká kòkó náà títí owó rẹ̀ yóò fi pé.

Ìdáhùn wá láti ọ̀nà méjì. Ní ọdún 1933, Akinọlá Májà, T. A. Doherty àti Hamzat Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní Èkó kí ọmọ ilẹ̀ yìí lè rí owó yá. Ní ọdún 1935, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì gbilẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó. Nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń dá owó déédéé sí ni yóò fi mọ iye tí ó lè yá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni yóò sì ṣe onídùúró rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ àtijọ́ tún ti dé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ìtàn máàkì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òkè òkun. Ní ọdún 1837, ìdààmú owó ńlá bá Amẹ́ríkà, ó sì wó òwò ṣẹ́dà tí Lewis Tappan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Arthur ń ṣe ní New York. Tappan yìí jẹ́ ọ̀tá òwò ẹrú. Ó wà lára àwọn tó gbèjà àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó gba ara wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Amistad ní ọdún 1839. Ohun tó rí nínú ìṣubú òwò wọn ni pé wọ́n ti tajà láwìn fún àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀, tó wà ní ìlú jíjìn. Ní ọdún 1841, ó dá Mercantile Agency sílẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn káàkiri tó ń kọ̀wé sí i nípa oníṣòwò ìlú wọn: ṣé ó máa ń san gbèsè, ṣé ó ń mutí, irú ènìyàn wo ni. Wọ́n da ìròyìn náà kọ sínú ìwé ńláńlá, oníṣòwò tó bá sì san owó lè wá béèrè. Iléeṣẹ́ náà ló di Dun & Bradstreet lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti aráàlú lásán tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1899, àwọn ọmọ ìyá méjì dá Retail Credit Company sílẹ̀ ní Atlanta, èyí tó di Equifax ní àwọn ọdún 1970. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ ọ̀rọ̀ gbèsè nìkan. Wọ́n a máa béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò nípa ìgbéyàwó ènìyàn, ọtí rẹ̀ àti ìwà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òfófó nípa rẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ tàbí ilé láìmọ ìdí. Ìbínú aráàlú ló bí òfin ọdún 1970 tó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a kọ nípa rẹ̀ àti láti jiyàn bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Òfin mìíràn ní ọdún 1974 kà á léèwọ̀ láti du obìnrin ní ẹ̀yáwó nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, a sì fi ẹ̀yà, àwọ̀ àti ẹ̀sìn kún un ní ọdún 1976.

Ní àkókò kan náà, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Bill Fair, àti onímọ̀ ìṣirò kan, Earl Isaac, ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1956. Wọ́n gbà pé ìṣirò lè sọ ẹni tí yóò san gbèsè ju ojú ọ̀gá báńkì lọ. Ní ọdún 1989, máàkì FICO tí gbogbo ayánilówó lè lò jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850. Ìdá 35 nínú 100 rẹ̀ wá láti inú bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè lásìkò. Ìdá 30 dúró lórí iye tó ṣì jẹ, pàápàá bí ó ti súnmọ́ òpin iye tí wọ́n gbà á láyè láti yá. Ìdá 15 jẹ́ ti bí ó ti pẹ́ tó tí ó ti ń yáwó. Ìdá 10 jẹ́ ti ẹ̀yáwó tuntun tó ń wá kiri, ìdá 10 tó kù sì jẹ́ ti oríṣi ẹ̀yáwó tó ní. Kò béèrè ibi tí ènìyàn ti wá, kò sì béèrè iye owó oṣù rẹ̀. Olówó tó ń gbàgbé ọjọ́ ìsanwó lè gba máàkì tó kéré ju ti akọ̀wé kékeré tó ń san lásìkò.

Ọmọ Yorùbá tó bá dé London tàbí Houston a máa pàdé ìṣòro mìíràn. Bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dára tó ní Ìbàdàn, máàkì kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó di ẹni tí kò ní ìtàn kankan, ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní Bírítéènì, ọ̀kan nínú ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni pé kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò ní àdírẹ́sì rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú sì lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí nítorí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì.

Ìwé ńlá ti Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, àwọn báńkì pọ̀ tó ṣubú ní àwọn ọdún 1990, gbèsè tí a kò san sì wà lára ohun tó pa wọ́n. Ajigbèsè lè jẹ báńkì kan lówó, kí ó sọdá títì lọ yá ti òmíràn. Ní ọdún 1998, ètò tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń kó ìròyìn ẹ̀yáwó gbogbo báńkì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2008, báńkì náà gbé ìlànà jáde fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó, mẹ́ta nínú wọn sì gba ìwé àṣẹ. Báńkì kò gbọdọ̀ yá ènìyàn lówó mọ́ láìkọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ méjì nínú wọn, ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n kí ètò náà tó gbó, ológò tún padà wá ní aṣọ tuntun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò, báńkì náà sì tẹ orúkọ àwọn ajigbèsè ńláńlá sínú ìwé ìròyìn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan sáré wá san owó, àwọn mìíràn sì ń pariwo pé irọ́ ni. Ohun tí ológò ń fi ẹnu ṣe ní agbo ilé ni ìwé ìròyìn fi tádà ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ìṣòro kan ṣì kù: orúkọ. Ènìyàn kan lè jẹ́ Adébáyọ̀ ní báńkì kan, kí ó jẹ́ Báyọ̀ ní òmíràn. Ní oṣù kejì ọdún 2014, BVN bẹ̀rẹ̀, ìka ọwọ́ àti ojú ènìyàn sì so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2017, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń ṣe adelé Ààrẹ, fọwọ́ sí òfin àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó. Òfin náà fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àti láti jiyàn ohun tí kò tọ̀nà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, báńkì tí a jẹ lówó ti ní àṣẹ, bí ayáwó bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé àdéhùn, láti fa owó náà àti èlé rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn. Kò sí ẹ̀yìnkùlé tí ènìyàn lè gbà sá jáde mọ́.

Ológò inú fóònù

Ní nǹkan bí ọdún 2018 síwájú, ẹ̀yáwó orí fóònù gbòde. Kò sí onídùúró, kò sí ìwé, owó yóò sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń gba ètò náà sórí fóònù kò ka àdéhùn, kò sì mọ̀ pé òun ti fún wọn láyè láti rí nọ́ńbà gbogbo ènìyàn tí òun mọ̀. Ọjọ́ tí owó kò bá wọlé, wọn yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, àlùfáà rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n jọ lọ iléèwé, pé olè ni, pé ọ̀dájú ni. Nígbà mìíràn wọn yóò fi àwòrán rẹ̀ sí i.

Ẹni tó bá ka ìwé Johnson yóò dá àlejò yìí mọ̀. Ó ń bú onílé, ó ń yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu, ó sì gbà pé ìtìjú ẹbí ni yóò mú owó jáde. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ológò àtijọ́ kò lè wọ ju agbo ilé kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba dìde sí i. Ní ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ọ̀kan nínú irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú wọn láti forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì yọ àwọn tó kọ̀ kúrò lórí fóònù.

Àǹfààní àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó hàn kedere níhìn-ín. Níbi tí àkọsílẹ̀ bá ti péye, ẹni tó jẹ gbèsè ni yóò ru ẹrù rẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sì sùn ní àlàáfíà. Ayánilówó tó lè kọ̀wé pé ẹni báyìí kò san kò nílò láti bú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò ṣòro láti lò. Èkíní, kí ènìyàn lo ẹ̀tọ́ tí òfin ọdún 2017 fún un, kí ó béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Gbèsè tó ti san tipẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò san. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ayánilówó ní ọjọ́ tó bá san gbèsè tán, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Èkejì, sísan lásìkò ju sísan púpọ̀ lọ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí a gbàgbé lórí fóònù lè dí ọ̀nà mílíọ̀nù márùn-ún tí a fẹ́ fi ra ilé. Ẹni tó bá rí i pé ọjọ́ ìsanwó kò ní bá òun níbi tó dára, kí ó lọ bá ayánilówó ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n tún àdéhùn ṣe. Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe yá owó lọ́tùn-ún kí ó fi san ti òsì, nítorí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ayánilówó márùn-ún lọ́sẹ̀ kan ti sọ fún gbogbo wọn pé ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ẹ̀kẹrin, onídùúró kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán. Bí ẹni tó dúró fún kò bá san, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò wá. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá ènìyàn ní BVN tàbí àkáǹtì rẹ̀. Orúkọ kì í ṣe aṣọ tí à ń yá lọ òde.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tó ju agbára ẹnìkan lọ. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà lè ti dá àjọ fún ogún ọdún láìyẹ ọjọ́ kan. Ó ti kó èsúsú nígbà àìmọye, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Alájọ mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, oníbàárà tó ń já ọjà fún un láwìn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé báńkì, kọ̀ǹpútà yóò wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ohun tó ṣe àwọn oníṣòwò Èkó kí ọdún 1933 tó dé ló tún ń ṣe é. Títí àwọn tó ń ṣe ètò àwìn fún orílẹ̀-èdè yóò fi rí ọ̀nà láti ka káàdì alájọ àti ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́ ìtàn ènìyàn, àwọn tó ń gba owó oṣù ní báńkì nìkan ni máàkì yóò máa gbè, ṣógúndogójì yóò sì máa rí oníbàárà.

Ẹgbẹ̀fà tí a kò san ń dí ọ̀nà ẹgbèje, òótọ́ ni. Ó yẹ kí ẹgbẹ̀fà tí a san náà lè ṣí ọ̀nà. Ìyá elélùbọ́ ti san tirẹ̀ fún ogún ọdún, ọ̀nà sì wà níbi tó wà.